Ẹni Tí Ìwé Ní Ó Ti Lọ

Ìyá mi jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń di ṣúgà sínú ọ̀rá, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹnìkan sọ lójú rẹ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti wọ trotro, ọkọ̀ akérò, láti Darkuman wá sí Tudu ní Accra, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti bá a to ẹrù sórí pẹpẹ: mílíìkì alágolo, sàdíìnì, tíì, bisikíìtì. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni ó wà, níbi tí àwọn méètì, ìyẹn àwọn ọmọ ọkọ̀, ti ń pariwo orúkọ ìlú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò gbà kí ẹlòmíràn di ṣúgà fún òun. Ó ní ìdè wa kì í le.

Ọkùnrin afinimọ̀nà kan dé pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò bíi mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ni àwọn kan; àwọn mìíràn jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa tí wọ́n ti òkèèrè wá. Ó dúró níwájú ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, ó ṣí ìwé kékeré kan, ó sì kà á sókè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá fi èdè wa sọ ọ́, ohun tí ó kà nìyí: àwọn Alata, ìyẹn àwọn oníṣòwò Yorùbá, ni wọ́n dá ìlà ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀; nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn kó lọ, kò sì ku ẹyọ kan.

Àwọn àlejò mi orí tàánútàánú. Ọ̀kan nínú wọn ya fọ́tò ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ẹni ìgbàanì fi sílẹ̀ lọ. Ìyá mi wà nínú fọ́tò náà, ó fi eyín di ẹnu ọ̀rá ṣúgà mú.

Lẹ́yìn èyí ni afinimọ̀nà náà wá kí i ní Ga, èdè àwọn onílẹ̀ Accra. “Hajia, ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ má bínú, a tún ti dí yín lójú ọ̀nà.”

“Kò burú, ọmọ mi,” ni ìyá mi fi èdè Ga dá a lóhùn. “Ṣé àwọn ènìyàn rẹ kò ní ra omi? Oòrùn yìí kò mọ àlejò o.”

Wọ́n ra omi mẹ́rin, wọ́n lọ. Mo dúró pẹ̀lú agolo mílíìkì méjì lọ́wọ́.

“Màámi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ó kà?”

“Mo gbọ́. Gbogbo Sátidé tí ó bá mú wọn wá ló ń kà á. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí ju òun lọ.”

“Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“Kí n sọ kí ni? Ó ra omi mẹ́rin.”

Olùkọ́ ìtàn ni mí, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Mo mọ̀ pé ìwé ńláńlá kọ́ ni ó ń kọ́ aráyé ní ìtàn ìlú kan. Ìwé kékeré tí ó wọ àpò ẹ̀wù ni. Òpìtàn a máa sọ pé “ó ṣeé ṣe,” a máa sọ pé “ẹ̀rí kò tíì tó.” Ìwé afinimọ̀nà kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti sọ ibi tí àlejò yóò yà sí, ìgbà tí yóò fi dúró, àti ohun tí yóò gbà gbọ́ kí ó tó padà sínú ọkọ̀. Bí àlejò bá dé ilé, ó di ẹlẹ́rìí: ó ti rí ilẹ̀kùn náà, ó sì ní fọ́tò.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé tí ó ni ìwé náà kọ̀wé sí mi pé kí n wá yẹ ojú ìwé ìtàn wò fún ẹ̀dà tuntun, kí n sì fọwọ́ sí i pé ó tọ́, n kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀, mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ní ojú ìwé ìtàn, lábẹ́ fọ́tò ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì pa, kò ku Alata kan ní Tudu. Ní ojú ìwé ọjà, wọ́n gba àlejò níyànjú pé kó má ṣe kúrò ní Accra láìra alata samina, èyí tí í ṣe ọṣẹ dúdú tiwa gan-an, tí àwọn ará Gánà fi orúkọ wa pè. Ọṣẹ Alata wà, Alata kò sí. Ta ni ó ń se ọṣẹ náà, iwin?

Mo wá gbólóhùn náà dé orísun rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun tí wọ́n fún mi tọ́ka sí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà tọ́ka sí àròkọ onímọ̀ kan. Àròkọ náà tọ́ka sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé afinimọ̀nà yìí kan náà. Gbogbo wọn ń yí po bí ẹni tí ń lé òjìji ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yà sí Tudu láti wò ó. Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú: èmi náà ti fi gbólóhùn yẹn kọ́ni rí. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi, ní ìlà mẹ́ta. Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òwò Yorùbá ní Tudu ti parí, mo sì ti ibẹ̀ lọ jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo àwọn Ga, àti ẹja ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá mi.

Mo lọ bá olóòtú ìwé náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Púròfẹ́sọ̀,” ó ní, “ìwé ìrìn-àjò lásán ni o, kì í ṣe ìwé ìtàn.”

“Bí ó bá jẹ́ lásán, ẹ yọ gbólóhùn náà.”

“Áà, a ò lè yọ ọ́. Àwọn olùkàwé fẹ́ràn ojú ìwé yẹn. Ó máa ń pa wọ́n lẹ́kún.”

“Ìyá mi ń ta mílíìkì níbẹ̀ lónìí yìí. Wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti bàbá mi padà wá. Kí ni ẹkún náà wà fún?”

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ti di olóògbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́: ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó fi ẹnu bèèrè, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpótí lọ́wọ́ wọn. “Òun ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ẹnìkan wá tí ó wà ní Tudu nígbà náà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbólóhùn wa dúró.”

Mo ní kí wọ́n gbé àpótí náà jáde fún mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka àwọn ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ó sì lójú. Bí ilé bá ní fèrèsé mẹ́fà, ó kọ ọ́ pé mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹta ni mo kan Tudu. Ó kọ ọ́ pé òun wọ ṣọ́ọ̀bù kẹta láti ibùdókọ̀, òun bá obìnrin Ga kan níbẹ̀, ẹni bíi ogójì ọdún. Obìnrin náà ní gbogbo Alata ti lọ, kò ku ẹyọ kan, òun kò tilẹ̀ mọ ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó jókòó lórí àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin. Ó di ṣúgà fún òun, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ̀ láti gbowó.

Mo ka ìlà ẹsẹ̀ irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àpá kan wà ní agbọ̀n mi títí di òní. Ẹsẹ̀ irin yẹn ni mo ṣubú lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà.

Òdidi ọjọ́ kan ni mo fi rò ó pé kí n dá ìwé náà padà sínú àpótí, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. N kò ní fi èyí pamọ́. Ẹ̀rí tí ó ń lé ìyá mi kúrò ní Tudu, ẹnu ìyá mi ni ó ti jáde.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá a, mo sì túmọ̀ ojú ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Màámi, ta ni obìnrin Ga yìí?”

Ó so ọ̀rá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó so ó lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó kọ ọ́ pé mo so ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ojú rẹ̀ ríran. Ṣé ó kọ ọ́ pé mo fún un ní omi tútù?”

“Kò kọ ìyẹn.”

“Ẹ gbà mí! Èyí tí mo ṣe lóòótọ́ ni kò kọ. Èyí tí mo pa nírọ́ ló tẹ̀ sínú ìwé.”

Inú bí mi. Mo ní, “Màámi, ẹ ti pa òdidi ọjà rẹ́!”

“Èmi? Àbí ẹ̀yin tí ẹ kàwé?” Ó gbé ṣúgà náà sílẹ̀. “Tíṣà, fetí sílẹ̀. Ọkùnrin kan wọlé, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ó ní níbo ni wọ́n bí ọ sí, ta ni bàbá rẹ, ìgbà wo lẹ dé. Ní ọdún àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń bèèrè náà nìyẹn. Ìbéèrè kan náà, ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. Ẹni tó bá sọ òótọ́ ni wọ́n ń kó sínú lọ́rì.”

“Ṣùgbọ́n ọdún àṣẹ ti kọjá tipẹ́ kí ọkùnrin yìí tó dé.”

“Ta ló wá sọ fún mi pé ó ti kọjá?”

Ìjọba a máa fi rédíò kéde pé kí ènìyàn máa lọ. N kò tíì rí àkọsílẹ̀ kankan tí wọ́n ti fi rédíò kéde pé kí ó máa sinmi.

Àṣà náà kì í sì ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo wa ni wọ́n fi tọ́. Nínú àgbàlá tí mo gbé dàgbà, ilé Yorùbá márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà sì ni ìyá márùn-ún fi kọ́ àwa ọmọ: bí ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ bá kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ pé ìyá yín lọ sí Tema. Nígbà kan, ọkùnrin kan tí ń ka iye ará ìlú fún ìjọba dé. Ilé àkọ́kọ́, ìyá ti lọ sí Tema. Ilé kejì, Tema. Nígbà tí ó dé ilé karùn-ún, ọkùnrin náà nu òógùn ojú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pín ní Tema?” A fi í ṣe ẹ̀rín fún ọdún púpọ̀. N kò ro ó nígbà náà pé ìwé rẹ̀ lọ láìní wa nínú.

Mo wá sọ ohun tí mo bá wá gan-an. Mo ní olóòtú ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. “Mo ti sọ fún un pé ẹ lọ, ẹ sì padà. Ó kù kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́.”

Ìyá mi wò mí. “Ta ló ní mo padà?”

“Bàbá ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ọ́: a jọ lọ, a jọ bọ̀.”

“Bàbá rẹ lọ. Àwọn òbí mi lọ. Lọ́rì mẹ́ta ló kó ará ilé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní n óò tẹ̀ lé wọn bí mo bá ti ta ẹrù tán. Ẹrù ò tà. Ta ló ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń sá lọ, nígbà tó mọ̀ pé ó máa fi ọjà náà sílẹ̀ lọ́la?”

Ó wá sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi, obìnrin Ga tí ó ń ta ẹja, tí mo mọ̀ ní kékeré gẹ́gẹ́ bí ìyá ńlá kan tí ó máa ń fún wa ní ẹja díndín. Òun ni ó wá bá ìyá mi ní ọjọ́ tí ó kù ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ó ní, “Dìde, ká lọ sílé mi. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ṣé wọ́n á wá ka orí wa bí ẹja ni?” Ìyá mi kò ní ìlà lójú, ó sì ń sọ Ga bí ẹni tí wọ́n bí sétí òkun, nítorí Accra ni wọ́n bí i sí. Láti ọjọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Ìyá mi ń gbé agbọ̀n ẹja kiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta mílíìkì, ó sì ń sọ fún ẹni tí ó bá bèèrè pé òun ló ni ín.

“Ó sanra,” ni ìyá mi wí. “Kò pé oṣù kan tó fi fọ́ ẹsẹ̀ àpótí mi. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ní kó fi irin sí i, kí àpótí Alata má bàa gbé òun ṣubú.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún wa?”

“Ó pé ọdún mélòó kan kí bàbá rẹ tó rọra padà. Kò fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ pé ìyàwó òun kọ̀ láti tẹ̀ lé òun. Ó bẹ̀ mí ká sọ pé a jọ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí Ọlọ́run fi gbà á.”

Mo gbé fóònù jáde. “Ẹ sọ ọ́ sínú èyí, Màámi.”

“Bí wọ́n bá tún ní ká máa lọ ńkọ́? Ṣé ìwé rẹ máa dá wọn dúró?”

Mo wá irọ́ tí ó lè tù ú nínú, n kò rí. “N kò lè ṣe ìlérí.”

“Ó dáa tí o ò purọ́. Tọ́jú fóònù rẹ. Jẹ́ kí n rò ó.”

Ó rò ó títí di ọjọ́ Sátidé. Afinimọ̀nà dé pẹ̀lú àwọn àlejò tuntun, ó ṣí ìwé, ó kà á dé ibi tí ó ti ní kò ku ẹyọ kan. Ìyá mi dìde. Kò sábà dìde fún oníbàárà.

“Ọmọ mi, dúró níbẹ̀,” ó ní, ní èdè Ga. Ó fi ọwọ́ lu àyà. “Ẹyọ kan nìyí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Hajia, ẹ ti ń ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Ga ju èmi lọ?”

“Inú Ga ni mo sá pamọ́ sí. Alata ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Accra ni wọ́n bí mi sí, ìdí ọjà yìí ni mo wà.”

“Ẹ lọ, ẹ wá padà, àbí?”

“N kò lọ!”

Ohùn rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Méètì kan tí ó ń pe èrò yíjú sí wa. Ìyá mi dojú àpótí náà kodò níwájú àwọn àlejò, ó na ìka sí ẹsẹ̀ irin náà, ó sì sọ fún wọn ẹni tí ó fọ́ ọ àti ìdí tí ó fi jókòó lé e. Afinimọ̀nà ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó parí, ìyá mi yíjú sí mi. “Tíṣà, ṣé o ti tan fóònù rẹ? Sọ fún olóòtú rẹ kó gbọ́ ọ dáadáa. Bí kò bá ní kọ ọ̀rẹ́ mi sí i, kó má kọ èmi náà.”

Mo ti tàn án láti ìgbà tí ó ti lu àyà.

Olóòtú gbọ́ ọ. Ó kọ gbólóhùn tuntun ránṣẹ́: àwọn díẹ̀ padà. Mo fà á nù. Ó kọ òmíràn: a gbọ́ pé àwọn kan dúró. Mo fa ìyẹn náà nù, mo kọ tèmi ránṣẹ́, mo sì pè é lórí fóònù. Mo ní, “Nígbà tí obìnrin yìí ní gbogbo wọn lọ, ẹ kò kọ ‘a gbọ́ pé.’ Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ka lọ́rì. Ẹlẹ́rìí kan náà ni, ṣọ́ọ̀bù kan náà, àpótí kan náà. Ẹ kò lè gba irọ́ rẹ̀ ní òtítọ́, kí ẹ wá gba òtítọ́ rẹ̀ ní àhesọ.”

Ó mí kanlẹ̀. “Púròfẹ́sọ̀, gbólóhùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti gùn jù. Ti apẹja yẹn, ṣé kò ṣeé yọ?”

“Ẹlẹ́ja ni, kì í ṣe apẹja. Kò ṣeé yọ. Ẹ yọ fọ́tò ilẹ̀kùn.”

“Tí a ò bá wá yọ fọ́tò ńkọ́?”

“Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i.”

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún pè mí. Fọ́tò ilẹ̀kùn ti kúrò. Gbólóhùn náà wọlé bí mo ṣe kọ ọ́: pé púpọ̀ nínú àwọn Alata Tudu ni a lé lọ, pé àwọn kan padà, pé obìnrin kan, ó kéré tán, kò lọ rárá, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́ja, ọmọ Ga, jókòó sí ipò rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, mo lọ síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ka ìlà mẹ́ta tí mo fi kọ́ àwọn ṣáájú wọn, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣìnà, mo sì sọ bí mo ṣe ṣì í.

Afinimọ̀nà kò dúró de ìtẹ̀wé. Ó fi ọwọ́ kọ gbólóhùn náà sórí bébà pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tirẹ̀. Ní Sátidé tí ó kọjá, ó kà á sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wo ojú ìyá mi bí ọmọ ilé kéwú tí ó ka wàláà fún áfáà.

“Ó kù,” ni ìyá mi wí.

“Kí ló kù, Hajia?”

“Sọ fún wọn ohun tí mò ń tà.”